Orí Íápíìsì Tó Kán Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí irin kékeré kan tí kò gùn tó oríkèé ìka. Irin ọ̀hún ni orí íápíìsì, èyí tí a ń tì bọ ihò ara kọ̀ǹpútà kí ohùn tó wọ etí wa. Bó ti kéré tó yẹn, tó bá kán sínú ihò náà, odidi kọ̀ǹpútà á ya odi.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń lo láápútọ́ọ̀pù. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé e lé itan, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, wọ́n pè é láti ìta, ó dìde lójijì, okùn íápíìsì sì há mọ́ apá àga. Tàbí kó ti kọ̀ǹpútà bọ àpò láì yọ íápíìsì kúrò, kí ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ fara ti àpò náà. Á gbọ́ "kẹ́". Nígbà tó bá máa fa okùn, ìdajì irin ló máa tẹ̀ lé e jáde, ìdajì yòókù ti jókòó sínú ihò. Á tan orin, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Á gbé ohùn sókè títí dé òpin, sípíkà kò ní dún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ni pé kọ̀ǹpútà yẹn kò tíì bàjẹ́. Irin tó há síbẹ̀ kì í ṣàdéédé jẹ inú ẹ̀rọ. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láì ṣe ju kó dí ọ̀nà lọ. Ohun tó máa ń ba ihò náà jẹ́ ni èyí tí a bá fi ọwọ́ ara wa ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ọkàn kò tíì balẹ̀. Wọ́n máa ń gbé kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, tó jẹ́ pé irin inú rẹ̀ ì bá jáde wẹ́rẹ́, àmọ́ wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tì í wọlé, wọ́n ti da gúlù lé e, kò wá sí ohun tó kù ju kí wọ́n jó odidi ihò náà kúrò lórí bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà lọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí irú rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ihò yẹn, ká tó sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe máa yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí irin náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní íápíìsì nítòsí, ẹ mú un, kí ẹ gbé orí rẹ̀ sún mọ́ iná. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Òrùka dúdú tàbí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ pín in sí abala-abala. Tí òrùka bá jẹ́ méjì, abala mẹ́ta ni irin náà ní: ṣóńṣó orí ló ń gbé ohùn etí òsì, abala tó tẹ̀ lé e ń gbé ohùn etí ọ̀tún, èyí tó wà ní ìdí sì ni ọ̀nà tí iná àwọn méjèèjì ń gbà padà. Tí òrùka bá jẹ́ mẹ́ta, abala kẹrin wà fún máìkì tí a fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn òrùka wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ike ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni kí abala kan má fara kan èkejì.

Ẹ wá wò ó: ṣóńṣó orí gbọ́dọ̀ so mọ́ wáyà inú okùn, bẹ́ẹ̀ àwọn abala yòókù ló wà láàárín òun àti okùn. Nítorí náà, wọ́n ṣe é bí ìṣó. Orí ìṣó ni à ń rí lóde. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín gbogbo àwọn abala yòókù kọjá, ike yí i ká, títí tó fi dé inú ìdìmú tí a fi ọwọ́ mú. Gbogbo irin náà fẹ̀ tó mìlímítà 3.5, àmọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín yẹn kò fẹ̀ ju bíi mìlímítà 1 lọ. Òun àti ike tó yí i ká ló gbé ṣóńṣó orí dúró. Ẹ fà á gbọọrọ, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ike á là, ọ̀pá á sì kán.

Ibi òrùka àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ti kán, tí ṣóńṣó orí nìkan á fi kù sínú. Ó sì máa ń kán ní ìdí nígbà mìíràn, níbi tí irin ti wọ inú ìdìmú, tí gbogbo rẹ̀ á fi kù sínú ihò. Ẹ fi irú kíkán méjì yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀nà tí a fi ń yọ ọ̀kan kọ́ la fi ń yọ èkejì.

Irin yìí ní ẹ̀gbọ́n. Ní 1878 ni wọ́n ṣí ilé ìsopọ̀ tẹlifóònù àkọ́kọ́ tó wà fún gbogbo ará ìlú, ní New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń fi okùn tó ní irin ńlá lórí so ẹni tó pè pọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè: wọ́n á yọ ọ́ níhìn-ín, wọ́n á tì í bọ ọ̀hún, láti òwúrọ̀ dalẹ́. Irin mìlímítà 6.35 ṣì wà láyé lónìí nínú irú wọn, òun ló sì wà lórí okùn gìtá àti lórí ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù tí àwa tó wà nínú ilé iṣẹ́ rédíò ń lò. Nígbà tí rédíò tí a lè ki bọ àpò dé láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n nílò irin tó kéré sí i fún íápíìsì rẹ̀, èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 3.5 sì gbòde. Walkman tí ilé iṣẹ́ Sony gbé jáde ní 1979 ló gbé e dé etí gbogbo ayé. Ihò méjì ni Walkman àkọ́kọ́ yẹn tilẹ̀ ní, kí ènìyàn méjì lè jọ gbọ́ orin kan náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ fóònù kò ní ihò yẹn mọ́, láti ìgbà tí Apple ti yọ ọ́ kúrò lára iPhone 7 ní 2016, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní tiwọn ṣì ní in, inú mi sì dùn pé ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí íápíìsì olókùn kò gba bátìrì, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò.

Àmọ́ bí irin náà ti ń kéré sí i ni ọ̀pá inú rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Irin ńlá ayé àwọn ilé ìsopọ̀ tẹlifóònù kì í tètè kán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ihò. Ẹni tó bá yọjú wò ó lè rò pé ihò lásán ni. Àpótí ike kékeré ni, tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, tí ewé irin pẹlẹbẹ tó ń ta bíi sípíríǹgì sì wà lára ògiri rẹ̀. Ewé irin kọ̀ọ̀kan kọjú sí abala tirẹ̀ lára orí íápíìsì. Èyí tó jìn jù lọ ló ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tiwa. Tí ẹ bá tún wo íápíìsì ọwọ́ yín, ẹ ó rí i pé ṣóńṣó orí rẹ̀ ní ọrùn: ó yọ díẹ̀ níwájú, ó sì fún lẹ́yìn. Tí a bá ti irin náà wọlé, ewé irin tó wà ní ìsàlẹ̀ ihò á yẹ̀ fún ṣóńṣó orí, lẹ́yìn náà á padà bọ́ sí ọrùn yẹn. Ohun tí ọwọ́ wa ń mọ̀ lára nìyẹn nígbà tí íápíìsì bá jókòó dáadáa. Ewé irin yẹn ló ń di íápíìsì mú kó má ṣe já bọ́.

Nígbà tí irin bá wá kán, ewé irin náà kò mọ̀ pé ó ti kán. Ọrùn tó dì mú, ó ṣì dì í mú síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé tí gbígbọn kọ̀ǹpútà fi máa ń jẹ́ asán, tí fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí i àti dídojú rẹ̀ délẹ̀ fi máa ń jẹ́ asán pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ tún nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ṣàdéédé ti nǹkan kan wọlé. Ewé irin wọ̀nyí fẹ́lẹ́. Abẹ́rẹ́ tí a bá tì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọlé, orí wọn gan-an ló ń gbà kọjá. Tí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀, kì í mọ̀ ọ́n padà sípò.

Ohun kejì tún wà nínú ihò náà, òun ló sì fa odi tí kọ̀ǹpútà ya. Súíìṣì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá íápíìsì ti wọlé tàbí kò tíì wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ ihò, ewé irin méjì tó fara kanra ni: tí íápíìsì bá wọlé, á tì wọ́n kúrò lára ara wọn, kọ̀ǹpútà á sì gbé ohùn kúrò lára sípíkà lọ sí ihò. Irin tó kán ṣì ń ti súíìṣì náà. Kọ̀ǹpútà gbà pé a ṣì ń fi íápíìsì gbọ́rọ̀, ó sì ń kọ orin sínú irin tí kò ní etí kankan ní òpin rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìdánwò tàbí ìpàdé lọ́la kò ní láti fi ìkánjú yọ irin. Ohùn lè gba ọ̀nà mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ àwòrán sípíkà tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ sípíkà àti hẹ́dífóònù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá dárúkọ méjèèjì, ẹ mú sípíkà. Ọ̀pọ̀ láápútọ́ọ̀pù kò ní fún yín láyè láti mú un, nítorí wọ́n ti ka méjèèjì sí ọ̀kan ṣoṣo. Bó ṣe máa ń rí lórí àwọn MacBook àtijọ́ nìyẹn: orúkọ sípíkà inú á kúrò nínú àkọsílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ihò bá ṣì gbà pé nǹkan wà nínú òun. Nígbà mìíràn, iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ á máa tàn láti inú ihò tiwọn. Kí ẹ̀rù má ṣe bà yín, ihò náà lè fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn jáde, súíìṣì tó há ló ṣì í lọ́nà. Tí gbogbo èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ra ẹ̀rọ ohùn kékeré tí a ń ki bọ ẹnu USB, èyí tó ní ihò íápíìsì tirẹ̀, tàbí kí ẹ so íápíìsì Bluetooth mọ́ ọn. Ọ̀nà wọ̀nyí kò gba ti ihò tó dí rárá. Mo mọ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ USB báyìí lọ títí, tí wọn kò yọ irin náà mọ́, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́, ó yá. Ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, kì í ṣe pé kí ẹ kàn pa á dé. Ẹ yọ ṣájà. Tó bá jẹ́ irú èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà gan-an, kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka méjì fa àwòrán náà kó tóbi. Àwòrán yẹn ló máa sọ fún yín ohun tí ẹ máa ṣe.

Tí ẹ bá rí irin tó yọ sí ìta ihò, bó ti wù kó kéré tó, ire dé. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ pàdé dáadáa mú un, kí ẹ fà á jáde gbọọrọ, bí ẹní ń fa ẹ̀gún. Ẹ má ṣe mì í sọ́tùn-ún sósì.

Tí ẹ bá rí i pé irin náà kún ihò dé ẹnu ṣùgbọ́n kò yọ síta, gbogbo gígùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀ nìyẹn, bíi mìlímítà 14. Ẹ wo àárín rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á yọ ṣóńṣó níbẹ̀. Ọ̀pá yíǹkì báírò tó ti tán lè bá a ṣe: ẹ gé ẹnu rẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ fà á kọjá lókè iná àbẹ́là kó kàn rọ̀, kì í ṣe kó yọ́, ẹ tì í wọ ọ̀pá tó yọ náà, kí ẹ dúró kó tutù kí ó sì fún mọ́ ọn. Ẹ wá fà á. Tó bá jẹ́ ike nìkan lẹ rí láàárín, abẹ́rẹ́ gbígbóná lè wọ̀ ọ́. Ìta ni kí ẹ ti mú un gbóná, kí ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, kí ẹ gún àárín ike náà ní àgúnwọlé kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí ike tó yọ́ lè di abẹ́rẹ́ náà mú. Abẹ́rẹ́ tó bá yẹ̀ tó kan ògiri ihò á yọ́ ike tiyẹn náà, nítorí náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Èyí tó le ni ti ṣóńṣó orí tó dá kù. Tí ẹ bá tan iná, ẹ ó rí ihò tó ṣófo, àmọ́ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bíi mìlímítà 10 sínú, ẹ ó rí ojú roboto kékeré kan tí irin ń dán ní àárín rẹ̀, tí ike sì yí irin náà ká. Ojú ibi tó ti kán nìyẹn. Kò sí ohun tí ẹ̀mú lè dì mú.

Ibí ni àwọn kan á ti sọ pé kí a gbé òòfà wá. Idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe irin yìí, tí wọ́n á fi níkẹ̀ẹ̀lì tàbí wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lára. Òòfà kì í fa idẹ. Ẹlòmíràn á ní kí a kán epo sí i kó lè yọ̀. Epo kò lè tú ewé irin tó di ọrùn mú, ohun tó máa ṣe ni pé á ṣàn lọ sórí bọ́ọ̀dù, gúlù kò sì ní lè lẹ̀ mọ́ irin náà mọ́. Ẹni tó bá kán epo sí i ti di ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún un nílé.

Ọ̀nà ọ̀hún ni súpà gúlù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ní ewu. Harry Coover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Eastman Kodak ló ṣe alábàápàdé irú gúlù yìí ní 1942, wọ́n sì pa á tì nígbà yẹn nítorí pé kò sí ohun tí kì í lẹ̀ mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn títí dòní: á lẹ̀ mọ́ irin tó kán, á lẹ̀ mọ́ ògiri ihò, á lẹ̀ mọ́ ewé irin, á sì lẹ̀ mọ́ ìka yín. Iye tí a bá lò àti ìhà tí ihò kọjú sí ló máa sọ èyí tó máa lẹ̀ mọ́.

Ẹ wá ọ̀pá kan tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ihò lọ, tí orí rẹ̀ sì tẹ́jú. Igi ìtayín tí a gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò dára. Ẹ kọ́kọ́ tì í wọlé láìfi gúlù sí i, kí ẹ rí i pé ó dé ìsàlẹ̀ láìfara kan ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ṣóńṣó òwú tó ní spirit díẹ̀ kan ojú irin náà kí ọ̀rá ibẹ̀ lọ, ẹ dúró kó gbẹ. Ẹ wá gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì méjì tàbí ìwé ńlá méjì tí àyè wà láàárín wọn, kí ihò náà kọjú sí ilẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí ju gbogbo ohun tí mo sọ lálẹ́ yìí lọ: ihò gbọ́dọ̀ kọjú sí ilẹ̀, kí ọ̀pá wá láti ìsàlẹ̀, kí gúlù tó bá pọ̀ jù lè ṣàn wá sí ọ̀dọ̀ yín dípò kó ṣàn wọ inú ihò. Ẹ kán gúlù sórí bébà, ẹ fi orí ọ̀pá kàn án, ẹ sì nu ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà mọ́. Ohun tó máa kù lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kó kàn máa dán lọ. Tí ẹ bá lè rí ẹ̀kán gúlù tó rọ̀ lórí rẹ̀, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ tì í lọ sókè gbọọrọ títí tó fi kan irin, ẹ mú un dúró ṣinṣin láì yí i. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú gúlù yìí gan, nítorí náà nígbà ọyẹ́ ó máa ń pẹ́ ju ìgbà òjò lọ. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ má ṣe dán an wò láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á sísàlẹ̀, gbọọrọ, díẹ̀díẹ̀, títí ewé irin á fi yọ̀ǹda ọrùn náà. Tí ọ̀pá bá já jáde lófo, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá tún já, ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀. Gúlù tó bá ti kó jọ sójú irin náà á máa fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé ká má kúkú lẹ apá tó kù lára okùn mọ́ ọn, ṣebí wọ́n bá ara wọn mu? Wọ́n bára mu ní tòótọ́, àmọ́ ó kún ihò dẹ́dẹ́; gúlù tó bá fún jáde láàárín àwọn méjèèjì kò ní ibòmíràn láti lọ ju ara ògiri lọ. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sàn jù.

Tí gúlù bá lẹ ìka mọ́ra, ẹ má ṣe fi agbára ya á. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, kí ẹ máa yí ìka náà jẹ́jẹ́. Tó bá ta sójú, ilé ìwòsàn lẹ máa gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọdé bá yín ṣe iṣẹ́ yìí.

Tó bá kọ̀ jálẹ̀, iṣẹ́ dé ọwọ́ oníṣẹ́ nìyẹn. Ní òpópónà Ọ̀tígbà àti àyíká rẹ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ tí irú iṣẹ́ yìí ti mọ́ lára. Wọ́n á tú kọ̀ǹpútà, wọ́n á dé ẹ̀yìn ihò náà, níbi tí ewé irin rẹ̀ ti hàn síta lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á fi ṣóńṣó ẹ̀mú gbé ewé irin tó di ọrùn mú, irin náà á sì bọ́ sílẹ̀. Ohun tí gbogbo gúlù wa ń fi ipá ṣe láti iwájú, wọ́n á fi ẹ̀sọ̀ ṣe é láti ẹ̀yìn. Tí ihò náà bá ti bàjẹ́, wọ́n á jó o kúrò, wọ́n á jó òmíràn sí i.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: ṣé orí bọ́ọ̀dù ńlá ni ihò náà wà, àbí orí bọ́ọ̀dù kékeré tó dá dúró? Lára ọ̀pọ̀ láápútọ́ọ̀pù, ihò íápíìsì àti ẹnu USB kan tàbí méjì jọ wà lórí bọ́ọ̀dù kékeré kan tí okùn pẹlẹbẹ so mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá. Irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ṣeé pààrọ̀ láì jó nǹkan kan. Lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ihò iwájú máa ń ní bọ́ọ̀dù kékeré tirẹ̀, ihò aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ lè máa lò ó lọ. Ẹni tó bá wo ihò tó dí, tó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé kí ẹ ra odidi bọ́ọ̀dù ńlá, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ sì ní kí ẹni tó bá yọ irin náà fi í hàn yín, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù lára okùn, kí ẹ rí i pé ó pé. Apá kékeré tó bá ṣẹ́kù sínú tó láti ti súíìṣì.

Lẹ́yìn tó bá ti jáde, ẹ tan kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ki íápíìsì tuntun bọ̀ ọ́. Sípíkà gbọ́dọ̀ dún fúnra rẹ̀. Tó bá ṣì dákẹ́, súíìṣì ló tẹ̀ tàbí gúlù ló dì í. Ẹ wá ki íápíìsì bọ̀ ọ́, kí ẹ gbọ́ etí òsì, kí ẹ gbọ́ etí ọ̀tún. Tí ti òsì nìkan bá ń lọ tó ń bọ̀, ewé irin ìsàlẹ̀, èyí tó ń di ọrùn mú, ló ti rọ̀.

Ní ti íápíìsì tí ẹ máa rà tẹ̀ lé e, ẹ wá irú tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, tí okùn rẹ̀ á fi máa lọ ní ìbú ara kọ̀ǹpútà. Èyí tó nà jáde gbọọrọ máa ń fún àpò àti orúnkún láyè láti tẹ̀ ẹ́. Ìdìmú ni kí ẹ máa fà, kì í ṣe okùn. Okùn àsopọ̀ kúkúrú kan tún wà lọ́jà, tó ní orí íápíìsì ní ẹnu kan, tó sì ní ihò ní ẹnu kejì. Ẹ fi í sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ máa ki íápíìsì yín bọ ihò tirẹ̀. Tí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lára okùn, ibi ìsopọ̀ àwọn méjèèjì ló máa kọ́kọ́ yọ, kí ó tó kan ihò ara kọ̀ǹpútà.